Ògiri Tí Mo Tún Ṣe ní Ìkejà

Ẹ lè ní ta ló ń pe Ìkejà ní ìdálẹ̀. Èmi ni. Yorùbá ni mí, Yorùbá lẹ̀yin náà, ṣùgbọ́n Kétu ni wọ́n bí mi sí, lódìkejì ibodè, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń fi Faransé kàwé tí a sì ń fi Yorùbá jà. Kò jìnnà. Ẹni tó bá tètè jí ní Kétu á jẹun alẹ́ ní Agége. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Ẹni tó lọ sí Parí lè sọ pé òkun ló dí òun lọ́nà. Èmi, kí ni n ó sọ?

Orúkọ tí Èkó fún mi ni Kútọnu. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ọ̀hún wá tó sì ń lẹ táìlì, Kútọnu ni, ì báà jẹ́ ará Kétu, ì báà jẹ́ ará Sábẹ̀ẹ́, ì báà tiẹ̀ jẹ́ ará Tógò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibi iṣẹ́, mo béèrè ibi tí karó wà, nítorí karó là ń pe táìlì nílé wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú wọn fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti máa ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kí n tó sọ ọ́, kódà “ẹ káàárọ̀”. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ọ̀nà ọ̀fun mi ti di ti Agége. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo kí wọn dáadáa, wọ́n ní, “Ta nìyí?” Mo ní èmi ni. Wọ́n ní, “Ṣé òtútù mú ọ ni?”

Oko Ọba ni mo gba yàrá sí, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Ní oṣù àkọ́kọ́, mi ò lè jẹ ẹran, òórùn ẹ̀jẹ̀ wà nínú aṣọ mi, ó wà nínú omi tí mo ń mu. Nígbà tó di oṣù kẹta, mi ò gbọ́ òórùn náà mọ́. Mi ò mọ ọjọ́ tó lọ. Bí nǹkan ṣe máa ń kúrò lára mi nìyẹn, kì í pariwo, kì í dágbére.

Iṣẹ́ ò wọ́n mi. Àwọn ará Èkó gbà pé tí nǹkan bá kan táìlì, ọmọ Kútọnu ni kéèyàn pè, nítorí ìlà wa máa ń tọ́. Mo ti kúnlẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ àwọn ènìyàn ní Òmọ̀lé débi pé mo mọ ilé ìwẹ̀ wọn ju bí mo ṣe mọ ojú wọn lọ. Nígbà míì ìyálé ilé kan á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á tẹjú mọ́lẹ̀, á ní, “Kútọnu, iṣẹ́ yìí gún o.” Inú mi á dùn títí n ó fi délé. Mi ò ní ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún, mo máa ń sùn ni.

Bàbá mi ló kọ́ mi. Màsọ́n, ìyẹn bíríkìlà, ni wọ́n ní Kétu. Wọ́n á so okùn mọ́ ìṣó méjì, wọ́n á ta á, á dún, wọ́n á ní, “Ṣó o gbọ́? Ohun tó tọ́ máa ń dáhùn.” Bí mo bá lẹ karó kan tó yà díẹ̀, wọn ò ní bá mi wí, wọ́n á kàn dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni tó rí ìjàǹbá. Mo kórìíra ìdúró yẹn ju pàṣán lọ.

Inú ilé ìwẹ̀ kan ní Òmọ̀lé ni mo wà lórí orúnkún mi lọ́jọ́ tí bàbá mi kú. Àbúrò mi, Bánábé, ló pè. Mo ní kó dúró ná, kí n lẹ èyí tó wà lọ́wọ́ mi kí sìmẹ́ńtì tó gbẹ. Ó dúró. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo lẹ táìlì mẹ́rin kí n tó ní kó máa sọ̀rọ̀.

Mi ò lọ síbi ìsìnkú náà. Ohun tí mo sọ fún wọn nílé ni pé iṣẹ́ ò jẹ́. Irọ́ ni. Mo di báàgì mi, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní Oko Ọba, báàgì wà lẹ́sẹ̀ mi, mi ò sì dìde. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Mi ò sunkún. Mo kàn jókòó bẹ́ẹ̀. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló ṣe mí, n ó ní mi ò mọ̀.

Nígbà tí Bánábé tún pè, ohun kan ṣoṣo ni mo sọ. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ojú oórì bàbá wa. Èmi ni n ó lẹ karó sí i, kò gbọdọ̀ sí ọwọ́ màsọ́n mìíràn níbẹ̀. Ó ní kò burú.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí. Kátólíìkì la jẹ́ nílé wa, a sì ní ọjọ́ kan tí a ń pè ní Tusẹ́ǹ, ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Kí ọjọ́ náà tó pé, gbogbo ìdílé á ti lọ ro koríko ojú oórì, wọ́n á fọ karó rẹ̀, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n á tan àbẹ́là sí i. Gbogbo itẹ́ òkú á máa dán. Bàbá mi ló ṣe ìdajì àwọn ojú oórì tó wà níbẹ̀. Tusẹ́ǹ méjì ti kọjá lórí tiwọn, erùpẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìyá mi fúnra wọn ló gba fóònù. Wọ́n ní, “Bàbá rẹ tẹ́ ilé fún gbogbo òkú ìlú yìí, àwọn alára wá ń sùn nínú erùpẹ̀ bí ẹni tí kò bímọ. Mo ti gbọ́ iṣẹ́, mo ti gbọ́ ọ̀la. Tusẹ́ǹ tó ń bọ̀ yìí ni mo mọ̀. Tó o bá wá, o wá. Tó ò bá wá, Bánábé á ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe.”

Mo ní, “Mò ń bọ̀, màmá.”

Lóòótọ́ ni mò ń bọ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi kún fún karó aláwọ̀ aró tí mo ti ṣà jọ láti ibi iṣẹ́ kan sí òmíràn, èyí tí àwọn onílé ní kí n máa kó lọ. Mo ti tò wọ́n sílẹ̀ nínú yàrá, mo ti wọn ìlà wọn, mo ti dà wọ́n padà sínú páálí. Mo ti mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa wà lórí àyà bàbá mi.

Ibẹ̀ la wà tí Ọ̀gá Múfù fi pè mí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, kọ́ńtírákítọ̀ ni wọ́n, àwọn ló máa ń fún mi níṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ aṣọ kan wà ní Ìkejà tó ti kógbá wọlé tipẹ́, àwọn kan ti rà á láti fi ṣe ibi ìkẹ́rùsí. Ògiri ńlá kan wà nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń gbà wọlé, òyìnbó ará Họ́láǹdì kan ló ṣe é láyé àtijọ́, obìnrin kan sì ń bọ̀ láti ọ̀hún wá wò ó nítorí ìwé tó ń kọ nípa ọkùnrin náà.

Ọ̀gá Múfù ní, “Àwọn tó ní ibẹ̀ ò fẹ́ ìtìjú. Tún un ṣe kó dà bí tuntun.”

Mo ní, “Ọ̀gá, mo ní ìrìn-àjò ní Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù yìí. Ti bàbá mi ni.”

“Wàláì, kí Jímọ̀ tó dé o ti parí ẹ̀. Ìwọ náà mọ ọwọ́ ẹ.”

Mo rí ògiri náà, inú mi ò dùn sí i. Ó gùn tó ìdúró ọkùnrin mẹ́wàá, ó ga kan òrùlé, àfọ́kù táìlì ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀, pupa, dúdú, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró. Kò sí ìlà kan tó tọ́ níbẹ̀. Àlàfo tó fẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó há. Mo rántí ìdúró bàbá mi. Wọn ì bá má lè jẹun níwájú irú ògiri bẹ́ẹ̀.

Bàbá Géètì, àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ló mú mi káàkiri. Ọmọdé ni wọ́n nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ nígbà tí òyìnbó náà wá. “Ọkùnrin yẹn ò lè rí nǹkan kó má fọwọ́ kàn án,” ni wọ́n wí. “Aṣọ ni wọ́n ní kó wá ya bátànì ẹ̀ fún wa. Ó yà á tán, kò lọ. Ó tún wá ń jó irin.” Wọ́n fi irin gíga kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, èyí tó fi egungun ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ ṣe, tó lọ́ sókè bí ẹni tó ń nà. Mo ti kọjá níbẹ̀ láàárọ̀, mo rò pé pàǹtí ni. Bàbá sá ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ wọn sórí rẹ̀. Àga tó ṣe náà wà ní ibi ìjẹun, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, igi àti irin. Ẹni tó bá jókòó sórí rẹ̀ láìfara balẹ̀, á balẹ̀. Ọ̀gá Múfù ti ṣubú lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti bú Họ́láǹdì lẹ́ẹ̀mejì.

Àwòrán ńlá kan tún wà nínú ọ́fíìsì kan tó ti kún fún eruku. Pupa àti dúdú ni, kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, kò sí igi, kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo sún mọ́ ọn, mo sì rí i pé irin tí àwa màsọ́n fi ń tẹ́ sìmẹ́ńtì ló fi tẹ́ ọ̀dà náà, kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì. Mo rí ibi tó gbé e sókè, mo rí ibi tó fà á wálẹ̀ kó tó dì. Mo mọ ọwọ́ yẹn, ọwọ́ oníṣẹ́ ni. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́ díẹ̀, mi ò mọ̀dí rẹ̀.

A padà sídìí ògiri. Ní ìsàlẹ̀, lápá òsì, ibì kan wà tí kò ní táìlì rárá, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn tí wọ́n fi dùbúlẹ̀. Sìmẹ́ńtì lásán ni, wọ́n sì ti fi ọ̀dà kùn ún léraléra, ọ̀dà aláwọ̀ ewé bíi ti ilé ìwòsàn.

Bàbá ní, “Ibẹ̀ yẹn, fi í sílẹ̀ o, Kútọnu. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà.”

“Kí ló dé, bàbá?”

“Mi ò mọ̀ mọ́. Mo ṣáà mọ̀ pé wọ́n ní ká fi í sílẹ̀.”

Mo ní, “Ẹ ṣé, bàbá.” Nínú mi, mo ní ẹni tó ní kí wọ́n fi ihò sílẹ̀ lára ògiri kì í ṣe oníṣẹ́.

Mo ṣiṣẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo lẹ àwọn tó ti bọ́ padà sáàyè wọn, mo fọ eruku, mo fi sìmẹ́ńtì funfun dí ojú wọn. Mi ò fọwọ́ kan ìlà wíwọ́ rẹ̀, wọ́n ti dì mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lára àlàfo yẹn. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń bá a níbẹ̀ bí ẹni tó ń retí mi. Lọ́jọ́ Ajé tó ṣáájú Tusẹ́ǹ, gbogbo iṣẹ́ tó kù ti tán. Mo ní ọjọ́ kan lọ́wọ́. Àfọ́kù táìlì pọ̀ nílẹ̀.

Mo gbé òòlù ẹlẹ́nu ṣóńṣó, mo ṣá ibẹ̀ dáadáa. Oníṣẹ́ gidi kì í lẹ táìlì sórí sìmẹ́ńtì tó ń dán láì kọ́kọ́ ṣá a, kò ní dì mú. Bàbá mi ló kọ́ mi. Àárín rẹ̀ ni mo ṣá jù. Nígbà tí mo dé etí kan, apá ti ń ro mí, mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rí i pé ilẹ̀ rẹ̀ gbun, ó jìn níhìn-ín, ó jìn lọ́hùn-ún, mo ní ẹ wo màsọ́n burúkú tó tẹ́ eléyìí. Mo fi sìmẹ́ńtì dí i, mo lẹ táìlì sí i, mo sì tiẹ̀ gbìyànjú láti ṣe ìlà tó wọ́, kó lè bá tòyìnbó mu. Ó dára. Mo dúró síwájú rẹ̀, inú mi dùn. Bàbá Géètì wá wò ó, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Lọ́jọ́rú ni obìnrin náà dé. Orúkọ rẹ̀ jọ Àníkẹ́ débi pé Àníkẹ́ ni Ọ̀gá Múfù ń pè é, ó sì ń dáhùn. Ó ń bá wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó gbọ́ pé ibodè ọ̀hún ni mo ti wá, ó yí sí Faransé. Bó ṣe di pé ní Ìkejà, láàárín àwọn Yorùbá bíi tèmi, ará Họ́láǹdì lẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ wò nìyẹn.

Ó fọwọ́ pa ògiri náà láti òkè délẹ̀. Ó ní mo ṣe é dáadáa. Ó sọ fún mi pé ọmọdé ni ọkùnrin náà nígbà ogun, ebi pa wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń se gbòǹgbò òdòdó jẹ, bọ́ǹbù sì wó àdúgbò wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní látìgbà yẹn, bó ya àwòrán ni, bó rọ irin ni, bó ṣe àga ni, á ṣe é bí ohun tó ti wó tẹ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè tún un wó. Mo gbọ́ ọ. Mo ń wo ìlà wíwọ́ wọ̀nyẹn, inú tó ń bí mi sí wọn rọlẹ̀.

Ìgbà yẹn ló dé apá òsì. Ó dúró. Ó wo ibẹ̀, ó wo mí, ó sì ṣí àpò rẹ̀. Fọ́tò kan ló mú jáde, dúdú àti funfun. Òyìnbó kan tó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè wà láàárín, ọkùnrin dúdú méje lóṣòó yí i ká, sìmẹ́ńtì wà lára wọn dé ìgbúnwọ́. Lẹ́yìn wọn ni àlàfo náà wà, ó ṣì tutù, àmì ọwọ́ méje sì wà nínú rẹ̀, tó wọlé dáadáa, ìka márùn-ún márùn-ún.

Ó yí fọ́tò náà padà, ó sì ka ohun tí ọkùnrin náà kọ sẹ́yìn rẹ̀, ó ń sọ ọ́ ní Faransé: òun ti ṣe tòun, èyí ni tàwọn tó lẹ̀ ẹ́, ọmọ Dàhọ̀mì méje.

Dàhọ̀mì ni orúkọ ilẹ̀ wa kó tó di Bẹ̀nẹ̀.

“Subuhánà!” Ọ̀gá Múfù gbé ọwọ́ lérí. “Kútọnu, kí lo ṣe?”

Ẹ̀rù ò bà mí, ojú ò tiẹ̀ tíì tì mí. Bí òòlù bá bà mí ní ìka, kó tó dùn mí, ó máa ń kọ́kọ́ dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí.

Ẹ má wulẹ̀ retí pé n ó sọ pé bàbá mi wà nínú fọ́tò náà. Bàbá mi ò dé Èkó rí, ọmọ ọwọ́ sì ni wọ́n nígbà yẹn. Mi ò mọ ìkankan nínú wọn. Ọkùnrin méje ni wọ́n tó wá ibí wá ṣiṣẹ́ bíi tèmi, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n máa pe gbogbo wọn ní orúkọ kan ṣoṣo. Ọwọ́ wọn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Èmi ni mo gbé òòlù tì í.

Ọ̀gá Múfù kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, “Máa lọ sọ́dún bàbá ẹ lọ́jọ́ Jímọ̀. Tó o bá dé, wàá yọ ọ́. Ògiri ò ní sá lọ.”

Ṣùgbọ́n mo mọ sìmẹ́ńtì. Ọjọ́ méjì péré ni èyí tí mo fi lẹ táìlì náà ṣì lò. Tí mo bá fi sùúrù yọ ọ́ báyìí, ohun tó kù lábẹ́ rẹ̀ lè yè. Tí mo bá lọ sí Kétu fún ọ̀sẹ̀ kan, á ti di òkúta, ẹni tó bá máa yọ ọ́ á yọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó kù. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Àníkẹ́ ò bẹ̀ mí. Bó bá bẹ̀ mí, bóyá ǹ bá bínú, kí n sì máa lọ.

Mo pe ilé.

Ìyá mi ní, “Ṣé o ti di ẹrù?”

“Mo ti dì í, màmá. Ṣùgbọ́n mi ò ní lè wá lọ́jọ́ Jímọ̀ mọ́.”

Wọ́n ní, “Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú. Ọwọ́ àwọn kan ni.” Mo ṣàlàyé fún wọn, bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni mo ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí létí ẹni tó wà ní Kétu. Ọwọ́. Lára ògiri. Òyìnbó.

“Ṣé ẹ jọ tan ni?”

“Rárá, màmá. Mi ò mọ̀ wọ́n.”

“O mọ bàbá rẹ.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, màmá.”

Bánábé gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Alùpùpù ló fi ń gbé èrò ní Kétu, kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ wa. Mo rò pé á bú mi. Ó ní, “Báwo ni wọ́n ṣe ṣe ọwọ́ náà?” Mo ní wọ́n kàn tẹ́ sìmẹ́ńtì, wọ́n sì tẹ ọwọ́ mọ́ ọn kó tó gbẹ. Ó ní, “Ó tán?” Mo ní ó tán.

Láti Ọjọ́rú títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo fi wà lórí orúnkún mi níbẹ̀. Mo fi ṣísẹ́lì kékeré yọ táìlì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wá fi igi tí mo gbẹ́ lẹ́nu yọ sìmẹ́ńtì, kí irin má bàa tún ṣe wọ́n léṣe. Àníkẹ́ jókòó sórí ọ̀kan nínú àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ń bu omi fún mi. Bàbá Géètì wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, “Mo wí bẹ́ẹ̀ tàbí mi ò wí?” Mo ní, “Ẹ wí bẹ́ẹ̀, bàbá.” Wọ́n lọ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà wá fún mi.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ibi tí mo ṣá dáadáa, ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ bí ẹni tí bàbá rẹ̀ kọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, sìmẹ́ńtì ṣíṣá lásán ni. Ṣùgbọ́n létí ibi tí apá ti ro mí tí mo ti ṣe ìmẹ́lẹ́, ọ̀dà ewé yẹn kò jẹ́ kí sìmẹ́ńtì tuntun dì mọ́ ti àtijọ́. Ó ń ṣí bí èèpo. Ọwọ́ kan yọ, odindi. Lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, àtàǹpàkò kan ṣoṣo. Ìyẹn nìkan ló kù nínú ọwọ́ méje.

Nígbà tí ọwọ́ àkọ́kọ́ mọ́ tán, mo tẹ ọwọ́ mi sínú rẹ̀. Kò tó tèmi. Ọ̀kan nínú ìka rẹ̀ wọ́ díẹ̀, bóyá òòlù ti fọ́ ọ rí. Mo fi ọwọ́ mi síbẹ̀ títí Àníkẹ́ fi jáde lọ gba atẹ́gùn. Inú mi dùn, n ò purọ́ fún yín. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn báyẹn gbẹ̀yìn ní Èkó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn ni Tusẹ́ǹ. Oòrùn ti ń wọ̀, mo jókòó sórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà, ẹ̀yìn mi sí ògiri, fóònù sì dún. Fídíò ni Bánábé fi pè. Àbẹ́là ni mo kọ́kọ́ rí, ó pọ̀ káàkiri itẹ́, àwọn ènìyàn ń rìn láàárín wọn. Ìyá mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́. Wọn ò bínú mọ́, tàbí kó jẹ́ pé ó ti rẹ̀ wọ́n.

Bánábé ní, “Ẹ̀gbọ́n, wò ó. Mi ò pe màsọ́n kankan. O ní kí n má pè é.”

Ó yí fóònù sí ojú oórì bàbá wa. Kò sí karó níbẹ̀. Sìmẹ́ńtì lásán ló tẹ́ sí i, kò tọ́ rárá, ó ga lápá kan, ó rẹlẹ̀ lápá kejì. Ọwọ́ ló kún inú rẹ̀. Ó ń fi ìka tọ́ka sí wọn fún mi: ti màmá rèé, tèmi rèé, ti ìyàwó mi, tàwọn ọmọ. Ti màmá kéré, ó sì jìn, wọ́n fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.

“Láàárọ̀ yìí la ṣe é,” ni ó wí. “Ìwọ lo fún mi ní ọgbọ́n ẹ̀.”

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ màmá, àpò kan wà tó fi bo ibì kan. Ó ṣí i. Ibẹ̀ jọ̀lọ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Tìẹ nìyí. A fi í sílẹ̀ fún ọ. Mo ti fi omi rin àpò yìí látàárọ̀, mo ń bò ó kó má bàa gbẹ kó o tó dé.”

Ó dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ó dùn mí wọnú egungun, gbogbo èyí tí kò dùn mí látọjọ́ tí bàbá mi ti kú ló dùn mí lẹ́ẹ̀kan náà. Bánábé kì í ṣe màsọ́n. Kò mọ̀ pé àpò tútù kì í dá sìmẹ́ńtì dúró. Àwa tá à ń ṣe é la mọ̀ pé àpò tútù ló ń mú un le. Mo wo àwọ̀ rẹ̀ nínú fóònù. Ó ti dì, ó ti dì láti ọ̀sán.

Màmá ní, “Ìgbà wo lò ń bọ̀?”

“Ọ̀la, màmá.”

Bánábé fa àpò náà bò ó padà. Ó ní kí n má ṣèyọnu, òun á tún bu omi sí i kí òun tó sùn, òun á sì tún bu sí i tílẹ̀ bá mọ́.

Mo ní, “O ṣé, àbúrò mi.”